Kápẹ́ẹ̀tì ilé rẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ tó kó jáde
Ẹ̀yin ará wa ní England, lánlọ́ọ̀dù ò lè fipá mú yín pe àwọn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì o, òfin Tenant Fees Act 2019 ti fòpin síyẹn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ́ bẹ́ ẹ ṣe bá a. Ibi tẹ́sẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ títí tó fi fẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣẹ̀bi yín, epo pupa tó dà sílẹ̀ lẹ̀bi yín (ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló kó bá tèmi). Ẹ fi ọṣẹ olómi tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ àti omi lọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbo ó rárá, ṣe ló máa tàn ká. Tó bá gbẹ, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tí lánlọ́ọ̀dù bá ṣì fẹ́ yọ owó nínú dípọ́sítì yín, àjọ tó ń dáàbò bo dípọ́sítì náà (deposit protection scheme) lè bá yín dá sí i lọ́fẹ̀ẹ́.