Bí àwọn òǹkàwé mi ṣe rí ọ̀nà bá mi jà

Ìtàn olójú ewé kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ lóṣooṣù. Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi, màá wá há a fún onígbàjámọ̀, àwọn aránṣọ àti ìyá tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ládùúgbò wa ní Bàrígà. Wọ́n á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó tán. Àfi ọjọ́ tí ìyá ẹlẹ́wà dá mi dúró: "Ìwọ ọmọ yìí, o kàn pa ọkùnrin yẹn lásán. Níbo ni kí n ti bá ẹ jà?"

Mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà tí àwọn ẹbí fi ń pè mí wà lára ìwé tí wọ́n lè fi di àkàrà lọ́la. Mo ra síìmù tuntun, mo fi NIN mi forúkọ sílẹ̀, mo sì gbé WhatsApp Business sórí fóònù. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ìkíni tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ, tàbí ẹni tí ẹ ò ti sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ tèmi. Ti àkọ́kọ́ dà bí ìwé báńkì. Èyí tó dúró ni: "Ẹ kú ìkàwé o. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́ tàbí kí ẹ fẹnu sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Ìdí líǹkì tó máa gbé òǹkàwé wá bá mi lórí WhatsApp ni mo ti jìyà. Wa.me/ ni wọ́n ń kọ síwájú, 234 ti Nàìjíríà á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà rẹ á wá kẹ́yìn, láìsí òdo tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi ò yọ òdo. Mo sọ ọ́ di QR code, àwòrán onígun mẹ́rin tí èèyàn ń gbé kámẹ́rà fóònù sí kí líǹkì lè ṣí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 200. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ gbé fóònù sí i. "Ẹ̀gbọ́n, kò gbé mi débì kankan o." Gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ń fi bírò kọ nọ́ńbà sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ WhatsApp Business fúnra rẹ̀ lè ṣe líǹkì àti QR code fún èèyàn! Ẹ lo ìyẹn, kí ẹ sì fi fóònù ẹlòmíràn dán an wò kí ẹ tó sanwó fún atẹ̀wé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo dá gúrúùpù sílẹ̀, mo ní kí wọ́n dìbò: ṣé kí ọkùnrin náà jí, àbí kó kú síbẹ̀? Ohun tí mi ò rò ni pé gbogbo ará gúrúùpù ló ń rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yàn. Bàbá onígbàjámọ̀ tẹ "kó kú síbẹ̀". Wéré ni àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ ohun kan náà. Ta ló fẹ́ ta ko ọ̀gá lójú ayé? Ní báyìí, kálukú ló ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, èmi á kà á.

Mo tiẹ̀ ti ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe lè fi èdè Yorùbá sínú Gboard, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé orí fóònù, kí wọ́n lè rí ẹ àti ọ tẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, tòun ti ariwo jẹnẹrétọ̀ àti kọ́ńdọ́ tó ń ké "Yábàá! Ojúẹlẹ́gba!" lẹ́yìn wọn. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ti ìyá ẹlẹ́wà wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ó tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó jí ọkùnrin mi dìde, ó fún un níyàwó, ó wá ní orúkọ tí mo sọ ọ́ pàápàá kò bá a mu: Kásálí ló yẹ kó máa jẹ́.