Ẹ má jẹ́ kí “I Write Like” kó sí yín lórí

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa n'Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ẹ rọra yọ̀ o bí “I Write Like”, ìkànnì tó ń sọ òǹkọ̀wé olókìkí tí ọwọ́ ìkọ̀wé yín jọ tirẹ̀, bá pe orúkọ ńlá fún yín. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣa ímeèlì jìbìtì sọ́tọ̀ ni Dmitry Chestnykh, ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà, lò nígbà tó gbé e jáde lọ́dún 2010: ọ̀rọ̀ tí ẹ lò àti bí gbólóhùn yín ṣe gùn tó ló ń wò. Òǹkọ̀wé tí wọ́n kó sínú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Margaret Atwood gan-an, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ará Kánádà, fi iṣẹ́ tirẹ̀ sí i, Stephen King, òǹkọ̀wé ìtàn ẹlẹ́rù ará Amẹ́ríkà, ló pè é!

Ìpínrọ̀ kan kò tó. Ẹ fi ìtàn, lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí ìyá yín lórí WhatsApp dán an wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí orúkọ bá ń yí, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ kọjá. Kò gbọ́ Yorùbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìtàn tí ẹ kò tíì tà ńkọ́? Ẹ má kó o síbẹ̀ rárá.