Sàláàdì makaróní àti ẹja tó ń yó ni: bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi ní í sun omi

Omi ló ń ba sàláàdì makaróní jẹ́. Ẹ lọ sí ìnáwó ní Abuja, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́ sàláàdì lẹ́yìn wákàtí kan: omi funfun ti sun síbẹ̀, makaróní ti wú bí ìka ọmọ tó pẹ́ nínú omi, ẹja sì ti di ẹ̀tẹ̀mọ́lẹ̀. Alásè náà mọ oúnjẹ sè o. Ìkánjú ló ṣe é.

Oúnjẹ ọ̀sán gidi ni èyí, kì í ṣe ohun tí a ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá ìdajì ọ̀rá makaróní oní gíráàmù 500, ẹja Titus méjì tó tóbi díẹ̀, ẹyin mẹ́ta, kùkúńbà kan, kárọ́ọ̀tì méjì, tòmátì líle méjì, àlùbọ́sà pupa kan àti ewé létúùsì. Bí ẹ̀wà sísè àná bá ṣẹ́kù, ẹ fi ife kan kún un. Ẹ̀wà yẹn ni kì í jẹ́ kí ebi tètè padà.

Ẹ gé ẹja sí mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sè é pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Kí omi má bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó yọ egungun rẹ̀, ọwọ́ sì ni kí ẹ fi yọ ọ́, torí ọwọ́ ń rí egungun tí ojú ò rí. Omi ẹja yẹn, ẹ fi se ọbẹ̀ alẹ́. Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè lo sàdíìnì agolo méjì. Ẹja àrọ̀ tútù láti ọjà Kado ní Abuja dára púpọ̀, àmọ́ nínú ọbẹ̀ ata ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi sí sàláàdì, ẹ yan án.

Makaróní ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń sè é bí ìrẹsì: a bọ̀ ọ́, a ṣan án, a tún gbé e padà ka iná títí omi yóò fi fà. Ẹ má dán an wò níbí. Ìkòkò ńlá ni kí ẹ lò, pẹ̀lú omi lítà méjì ààbọ̀ àti iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan. Kí omi hó yaya kí makaróní tó wọlé, kí ẹ sì rò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Bó bá ku ìṣẹ́jú méjì kí àkókò tí wọ́n kọ sára ọ̀rá pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò. Ẹ gé ọ̀kan sí méjì. Bí àárín rẹ̀ ò bá funfun mọ́, tó sì ṣì ń bá eyín jà díẹ̀, ó ti jinná.

Ẹ dà á sínú ajere lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní kó dúró nínú omi gbígbóná kí ẹ fi lọ gbé fóònù, ńṣe ni yóò máa mu omi lọ. Ẹ má fi ọmọrí di ẹnu ìkòkò láti sẹ́ ẹ. Mo ti rí ẹni tí ooru bó lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní ajere lè lo apẹ̀rẹ̀ ike oníhò tí wọ́n fi ń ṣan ẹ̀fọ́. Ẹ da omi tútù lé e lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè fífẹ̀, kí ẹ fi òróró ṣíbí kan pa á lára. Lábẹ́ fáànù ni kó wà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má bò ó! Ooru tí ẹ bá dé mọ́ ọn ló ń di omi tí ẹ rí lábẹ́ abọ́. Ẹ má sì pò ó mọ́ ẹ̀fọ́ nígbà tó ṣì gbóná.

Ẹyin, ẹ sè é bí ẹ ṣe ń sè é.

Létúùsì tí a ń rà níhìn-ín, etí odò ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya á léwé kọ̀ọ̀kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ dì í sínú aṣọ mímọ́, kí ẹ jáde síta lọ fì í. Ẹ yọ inú kùkúńbà àti ti tòmátì dànù kí ẹ tó gé wọn, kí ẹ sì rẹ́ kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́.

Ẹ po èyí tí ẹ ó fi pa sàláàdì lára: òróró ṣíbí mẹ́ta, oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí méjì, aáyù gígún díẹ̀, iyọ̀ àti yájì díẹ̀. Ẹ ní kí oníṣúyà di yájì náà fún yín, tiwọn dùn ju ti inú ike lọ. Ẹni tí kò lè jẹ sàláàdì láìsí nǹkan funfun lórí rẹ̀, kó ra kindirmo, ìyẹn wàrà kíkan àwọn Fúlàní, tí kò ní ṣúgà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé ó mọ́tótó. Èmi ò kì í ra mayonésì, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun gan-an ni kí ẹ po gbogbo rẹ̀, kí ẹja gbẹ̀yìn, kí ẹ rọra fi ọwọ́ yí i. Ẹ fọ́ kúlíkúlì sórí rẹ̀ nínú àwo. Bí àwọn kan ò bá tíì dé, ẹ bu tiwọn sọ́tọ̀ sínú fìríìjì láìpò. Bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ láti àárọ̀, ẹ yáa pe ará ilé kejì wá bá yín jẹ ẹ́ tán.