Ọkọ̀ Tí Kò Ní Nọ́ńbà àti Kámẹ́rà Ojú Títì ní London: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń fi ọkọ̀ kó èrò ní ìlú London, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a ṣe ìsìn tán lọ́jọ́ Àìkú kí ẹnìkan má na lẹ́tà ìtanràn sí mi pé kí n bá òun kà á. Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn ṣáá. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ti máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó mú un wá, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ wọn kan sọ. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè kà á kó tó ṣe ohunkóhun.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ni. Ṣé mi ò lè wà á fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gba nọ́ńbà?

Ìdáhùn: Rárá. Nílé, ojú wa ti mọ́ ọkọ̀ tuntun tó ń rìn láìní nọ́ńbà. Níbí, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, tó wà ní Swansea, kí táyà rẹ̀ tó kan títì, ẹni tó tà á fún yín ló sì sábà máa ń ṣe ètò náà kí ó tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà iwájú ti jábọ́, àmọ́ ti ẹ̀yìn ṣì wà níbẹ̀.

Ìdáhùn: Méjèèjì ni òfin fẹ́, funfun níwájú, yẹ́lò lẹ́yìn. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 pọ́n-ùn. Ẹ má gbé e sẹ́yìn gíláàsì, ẹ kàn án mọ́ ibi tó yẹ kó wà.

Ìbéèrè: Ẹrẹ̀ ló bò ó.

Ìdáhùn: Ẹ fọ̀ ọ́. Ìtanràn kan náà ni.

Ìbéèrè: Lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti kó kúrò ní ilé yẹn.

Ìdáhùn: Ẹ ti sọ fún DVLA pé ẹ ti kó? Àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Bó bá jẹ́ ti eré àsápajúdé, láàárín ọjọ́ 14 ló gbọ́dọ̀ dé àdírẹ́sì yẹn, ẹ sì ní ọjọ́ 28 láti sọ orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀. Ẹni tí kò bá dá wọn lóhùn lè gba póìǹtì ìjìyà mẹ́fà sórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, bí eré tó sá kò tilẹ̀ ju díẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Bí n kò bá lẹ nọ́ńbà rárá, kí ni kámẹ́rà fẹ́ kà?

Ìdáhùn: Àwọn ọ̀dọ́ ló ń bi mí ní èyí, inú sì máa ń bí mi, nítorí wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Òótọ́ ni pé kámẹ́rà kò lè ka ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń bá jà. Ẹ̀ka ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe irú kámẹ́rà yìí ní 1976. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí ló ń tàn sí nọ́ńbà, ohun tí wọ́n sì fi ṣe nọ́ńbà ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, ìdí nìyẹn tó fi ń kà á lóru bí ẹni ń kà á lọ́sàn-án. Irú kámẹ́rà yìí ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀. Nígbà tí owó ìwọ̀lú, ìyẹn owó tí ọkọ̀ ń san láti wọ àárín London, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Èrèlé ọdún 2003, àárín ìlú nìkan ni. Láti oṣù Ògún ọdún 2023, ULEZ, ìyẹn owó tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ń san, ti gba gbogbo London láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. 12.50 pọ́n-ùn ni lójúmọ́, ẹni tí kò bá sì san án yóò gba lẹ́tà 180 pọ́n-ùn, èyí tó máa di 90 bó bá san án láàárín ọjọ́ 14.

Ti àwọn ọlọ́pàá tún yàtọ̀. Kámẹ́rà tiwọn wà lẹ́bàá títì, ó sì wà nínú ọkọ̀ wọn, ó ń fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé àkọsílẹ̀ ìnṣọ́ránsì, ti owó orí ọkọ̀ àti ti ọkọ̀ tí wọ́n jí, wọ́n sì ń tọ́jú ohun tó bá kà fún oṣù 12. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì ní nọ́ńbà, ẹyọ kan tí kò ní in ni ojú ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ lọ sí, kò sì nílò kámẹ́rà kankan láti rí i. Òfin fún un láyè láti dá ọkọ̀ èyíkéyìí dúró láìsọ ìdí. Bó bá rí i pé kò ní ìnṣọ́ránsì, yóò gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ọmọ kan tó bọ́ nọ́ńbà kó má bàa san 12.50 pọ́n-ùn, tó sì wọ bọ́ọ̀sì délé ní ọjọ́ yẹn. Ní ti àwọn tó ń fín nǹkan sí i, tàbí tí wọ́n ń fi téèpù dúdú sọ 3 di 8, òfin ka ìyẹn sí jìbìtì, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Lẹ́tà dé láti ibi tí n kò dé rí. Nọ́ńbà mi ni, ọkọ̀ náà sì jọ tèmi.

Ìdáhùn: Ẹni tó bá gbé èyí wá ni mo máa ń fún ní àga kó jókòó, torí mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jà á. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wá láti káńsù kan ní apá àríwá ìlú, pé mo wọ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Aago yẹn, pápákọ̀ òfurufú Gatwick ni mo wà, mo ń dúró de èrò. Mo wo fọ́tò wọn: Toyota Prius aláwọ̀ eérú bíi tèmi, nọ́ńbà mi sì pé lára rẹ̀. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ó dá yín lójú?”

Mo kọ̀wé pé èmi kọ́. Wọ́n dá mi lóhùn pé ọkọ̀ mi ló wà nínú àwòrán. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe: mo sọ fún wọn pé n kò sí níbẹ̀, n kò fi hàn wọ́n pé ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sọ fọ́tò náà di ńlá lórí kọ̀ǹpútà, mo gbé kọ̀ǹpútà síta, mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo sì ń fi ọ̀kan wé èkejì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkọlé “Hybrid” ti já kúrò lẹ́nu búùtù tèmi, ojú gọ́ọ̀mù nìkan ló kù síbẹ̀. Ti inú fọ́tò ń dán. Nọ́ńbà tèmi ní ìlà búlúù GB lápá òsì. Tiwọn kò ní. Bọ́m̀pà tèmi ní ibi tó ti tẹ̀ wọnú, tí ọwọ́ mi mọ̀ nínú òkùnkùn. Tiwọn jọ̀lọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gun àkàbà, mo ya fọ́tò ọkọ̀ mi láti òkè kó lè rí bí kámẹ́rà wọn ṣe rí i. Mo fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, mo gba nọ́ńbà ẹjọ́. Mo tẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó lọ síwájú àwọn adájọ́ London Tribunals, tí wọn kì í ṣe ti káńsù, tí a kì í sì í sanwó láti gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo jàre.

Kí ìdájọ́ tó jáde, lẹ́tà mẹ́ta mìíràn ti dé, ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ ti ilé epo tí ẹnìkan ti bu epo lọ láìsanwó. Ìkan nínú wọn dé nígbà tí mo lọ sìnkú ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti fi ìdajì lé owó náà, àfi ìgbà tí mo kọ ìwé ìbúra pé lẹ́tà náà kò tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó parí ìjà ni ìwé tí mo kọ sí DVLA pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n fi fún mi ní nọ́ńbà tuntun.

Nítorí náà, ẹ má san ìtanràn ọkọ̀ tí kì í ṣe tiyín nítorí pé ẹ fẹ́ ìsinmi. Bí ẹ bá ti san án, ẹjọ́ ti parí lójú wọn, lẹ́tà mìíràn á sì tún dé.

Ìbéèrè: Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà mi?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, nínú fọ́tò tí ẹ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ fẹ́ ta ọkọ̀. Wọ́n á wá ọkọ̀ tó jọ tiwọn, wọ́n á sì da nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Ẹ bò ó kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá tú u kúrò lára ọkọ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ mú ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti tẹ nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹni tó bá lóun á bá yín tẹ̀ ẹ́ láìwo ìwé, òun gan-an ló ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn olè.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n wá lọ́yà?

Ìdáhùn: Lẹ́tà káńsù kò nílò lọ́yà. Àmọ́ bí lẹ́tà bá wá láti kóòtù, tàbí bí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ wá ṣàlàyé nọ́ńbà tí wọ́n yí padà, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ má sì gbé e wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, torí ó ti kọjá agbára mi. Ẹni tí ọlọ́pàá bá pè sí tẹ́ṣàn láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.