Ẹ dé etí odò kí katapílà tó débẹ̀: bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ báyọ́lójísìtì ìjọba

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ wa ò ju ká máa kó ẹja sí garawa ká sì máa fi awò wo ẹyẹ lọ. Ìyẹn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni pé ẹnìkan fẹ́ la títì, ẹnìkan fẹ́ ri páìpù mọ́lẹ̀, ẹlòmíì fẹ́ da yanrìn sí àbàtà kó lè kọ́lé sí i, ìwé ẹ̀ á wá balẹ̀ sórí tábìlì yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá kó ṣe é, bó ṣe máa ṣe é àti ìgbà tó máa ṣe é. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì wà lórí ìwé, ìlà kan péré ni ẹnjiníà máa pa rẹ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti da kọnkéré kẹ́ ẹ tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pariwo pé kẹ́ ẹ tètè débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka púláànù náà dáadáa, ẹ wá gbogbo ibi tó ti kan omi, kódà ibi tí wọ́n kọ sí pé ó máa ń gbẹ. Irú ibẹ̀ gan-an lẹja kéékèèké máa ń sá sí nígbà tí odò ńlá bá kún tó ń ru. Mo ti ṣàṣìṣe yìí rí. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni mo lọ wo ojú omi kan, ó gbẹ táútáú, koríko ti bò ó, mo bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dí i. Nígbà tójò dé tí mo padà lọ, ẹja wẹ́wẹ́ ló kún inú omi tó dá dúró lẹ́yìn iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà síbẹ̀, wọn ò rọ́nà padà sódò, omi yẹn sì ń gbẹ lọ. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Látìgbà náà, tí mi ò bá ráyè lọ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, mo máa ń bi àwọn apẹja àtàwọn tó ń gbé nítòsí, wọ́n mọ odò yẹn ju máàpù lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́fáàtì ló máa gba àkókò yín jù, ìyẹn páìpù tí wọ́n ń ri sábẹ́ títì kí omi lè gbabẹ̀ kọjá. Lójú ẹni tó ń wakọ̀ lọ, kò sí wàhálà kankan, omi ṣáà ń kọjá. Ẹ̀yin ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ dúró síbi tí omi ti ń jáde. Ṣé ẹnu páìpù bá ojú omi dọ́gba, àbí ó gbé sókè tí omi ń já bọ́ sísàlẹ̀? Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹja ńlá lè fò ó, ọmọ ẹja tí ò tó ìka ọwọ́ ò lè fò ó láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọn bí páìpù ṣe fẹ̀ tó, kẹ́ ẹ wá rìn sókè odò díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ títì, ẹ wọn bí odò fúnra ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Tí odò bá fẹ̀ tó mítà 3 tí páìpù jẹ́ mítà 1, omi tó ń rọra lọ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á fún pọ̀, á máa sáré, ẹja á wẹ̀ wẹ̀ wẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́, omi á sì gbé e padà. Eré omi yẹn náà ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ẹnu páìpù lọ́dọọdún tí páìpù fi ń ga sókè sí i. Ohun tí mo máa ń kọ síwèé ni pé kí kọ́fáàtì fẹ̀ ju odò lọ, kí wọ́n ri ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọlẹ̀ kí òkúta wẹ́wẹ́ lè tẹ́ sínú ẹ̀ bíi ti ilẹ̀ odò gan-an. Tówó bá wà, afárá ló dáa jù.

Igi etí odò tún ńkọ́? Àwọn agbaṣẹ́ṣe fẹ́ràn kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀ kí ibẹ̀ lè mọ́. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ibòji igi ló ń jẹ́ kí omi tutù, àti pé omi tó gbóná kì í lè gba ọ́síjìn tó pọ̀ dúró. Omi odò tó wà ní 10°C lè gba bíi mílígráàmù 11 nínú lítà kan, tó bá di 30°C kò lè ju bíi 7.5 lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó gbóná yẹn ni ara ẹja ń béèrè ọ́síjìn jù. Gbòǹgbò igi yẹn náà ló di bèbè mú. Tí bèbè bá ya, ẹrẹ̀ á wọ omi, á bo ẹyin tí ẹja yé sáàárín òkúta, omi tútù ò ní rọ́nà gbà dé ọ̀dọ̀ ẹyin mọ́, gbogbo ẹ̀ á kú síbẹ̀ láìsí òkú ẹja kankan tó léfòó. Ìdí nìyẹn tí mi ò kì í gbà tí wọ́n bá ní “a ò ṣáà rí ẹja tó kú.” Ẹ wádìí oṣù tí ẹja ń yé ẹyin, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ wọnú omi láwọn oṣù yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ. Ṣé wọ́n lè yẹra fún ibẹ̀ pátápátá? Tí kò bá ṣeé ṣe, báwo ni wọ́n ṣe máa dín ìpalára kù? Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣe òmíì dípò. Ibi tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa ń fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, “a máa gbẹ́ àbàtà míì fún yín,” ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré, omi lè ti wà nínú àbàtà tí wọ́n fi katapílà gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ẹ̀, koríko ẹ̀ àti kòkòrò tí ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ tó padà, ọ̀pọ̀ ọdún ni. Tí orílẹ̀-èdè yín bá wà nínú àdéhùn Ramsar ti 1971, ìyẹn àdéhùn àgbáyé tó wà fún dídáàbò bo àbàtà, ẹ wò ó bóyá orúkọ àbàtà náà wà lára èyí tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nóòtù yín, omi kì í pa á rẹ́ bíi bírò. Ọjọ́, aago, ojú ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, ohun tẹ́ ẹ rò, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, nóòtù yẹn ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ dì mú. Ojú kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa ya fọ́tò nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lọ. Ẹ má dá nìkan wọ omi tó ń sáré, mo bẹ̀ yín.

Wọ́n máa sọ fún yín pé odò kan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ rántí odò Elwha ní Amẹ́ríkà, dáàmù tí wọ́n parí ní 1913 ti dínà mọ́ ẹja salmon fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n wó dáàmù méjèèjì tó wà níbẹ̀ láàárín 2011 sí 2014, ẹja sì ń gòkè padà.

Lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe bá ti palẹ̀ mọ́ tó lọ, ẹ má ì ti fáìlì yẹn o. Ẹ dúró de òjò ńlá àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ mú tépù àti pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ padà lọ dúró sẹ́nu páìpù yẹn, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n.