Ẹ Má Sọ Gbogbo Ilé Di Kòkòrò: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Kọ Ìtàn Ayé Asán

Láàárín oṣù yìí nìkan, ìtàn ayé asán mẹ́rin, ìyẹn ìtàn ayé tí kò nídìí tó fi wà, ló ti wọlé tọ̀ mí wá tí ọkùnrin kan ti jí láàárọ̀, tó rí i pé òun kì í ṣe ènìyàn mọ́. Ọ̀kan di dígí, ọ̀kan di òjìji, ọ̀kan di lẹ́tà inú ábídí. Ti ẹ̀kẹrin, mi ò mọ ohun tó dà, ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn òǹkọ̀wé tún ìtàn wọn ṣe, owó ni wọ́n sì ń san fún mi, kò yẹ kí n máa ráhùn. Àmọ́ ó ń dùn mí kí ènìyàn sanwó kí n lè sọ ohun tó wà nínú ìwé tó ti ń sùn tì látọdún tó kọjá fún un. Ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé fìlọ́sọ́fì. Ọdún 1938 ni Sartre, òǹkọ̀wé àti onífìlọ́sọ́fì ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìtàn àròsọ rẹ̀, La Nausée, jáde. Ìwé fìlọ́sọ́fì gbàǹgbà rẹ̀, tó lé ní 600 ojú ìwé, dé ní 1943. Ìtàn ló ṣíwájú. Èmi ọlọ́gbọ́n, èyí tó sanra ni mo kọ́kọ́ rà. Mo dé ojú ìwé 40. Láti ìgbà náà ló ti ń bá mi ti fèrèsé kí atẹ́gùn má bàa gbá a, ó sì mọ iṣẹ́ náà í ṣe dáadáa. Nínú La Nausée, Roquentin, ẹni tí ìtàn náà dá lé, jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà, ó tẹjú mọ́ gbòǹgbò igi kan títí ọ̀rọ̀ náà, gbòǹgbò, fi já bọ́ lára ohun tó ń wò. Ohun dúdú kan tó rí kókókókó ló kù níbẹ̀, kò lórúkọ, kò sì nídìí tó fi wà. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yẹn dáadáa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí àlàyé tó dé.

Ìkejì, ẹ yé pe Camus, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé tó kọ L'Étranger, ní existentialist, ìyẹn ara àwọn bíi Sartre tó ń sọ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń fún ayé rẹ̀ nítumọ̀. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní 1945 pé òun kì í ṣe ara wọn.

Ìkẹta, eré orí ìtàgé ni Waiting for Godot tí Beckett kọ, kì í ṣe ìtàn kíkà.

Ìkẹrin, ẹni tó ra ìtumọ̀ mẹ́ta ìwé kan ṣoṣo kò tíì kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìkarùn-ún nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ta ló sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ ṣàjèjì? Ẹ tún Die Verwandlung (Ìyípadà), ìtàn tí Kafka tẹ̀ jáde ní 1915, gbé. Nǹkan kan ṣoṣo tí kò lè ṣẹlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ sì ti parí rẹ̀: Gregor Samsa jí, ó ti di kòkòrò. Kí ló wá kàn? Aago! Aago mẹ́rin ló fi aago ìjí sí, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù. Ọkọ̀ ojú irin aago márùn-ún ti lọ, ti aago méje ló kù, kò sì tíì di àpẹẹrẹ aṣọ tó ń tà sínú báàgì. Ó ń ro ti ọ̀gá. Ó ń ro ti gbèsè tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ ọ̀gá náà, ó ṣírò ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí yóò fi san án tán. Kó tó di aago méje ààbọ̀, ilé iṣẹ́ ti rán akọ̀wé àgbà wá wo ìdí tí kò fi yọjú. Ọkùnrin tó kọ èyí ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìbánigbófò àwọn òṣìṣẹ́ tó farapa, ní Prague, láti 1908 títí di 1922. Fọ́ọ̀mù kò ṣàjèjì sí i.

Ohun tó ń dẹ́rù bani ni pé ẹni tó ti di kòkòrò ṣì ń sáré kó má pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí aago bá ń kọrin, tí òṣùpá dé fìlà, tí ìyàwó jẹ́ kùrukùru, ibi iṣẹ́ wo ló fẹ́ pẹ́ dé? Gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú ìtàn ọkùnrin tó di dígí o, àtaago, àtòṣùpá. Mo pe ẹni tó kọ ọ́.

“Kí ni ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ayé asán ni kókó ọ̀rọ̀ náà?”

Mi ò lè bú u. Èmi náà ti kọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ L., tó dúró níwájú ọ́fíìsì kan fún ojú ìwé 52, tó ń dúró de ìwé àṣẹ. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù, mo fún obìnrin kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó dá a padà pẹ̀lú ìlà kan péré: “Látàárọ̀, ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ tọ̀?”

Nọ́ńbà wo la dé? Kò burú. Àwọn kan ń ka ìwé wọ̀nyí bí ẹni ń lọ síbi òkú. Max Brod, ọ̀rẹ́ Kafka, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí Kafka ń ka orí àkọ́kọ́ ìtàn rẹ̀, Der Process (Ìgbẹ́jọ́), fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín pa wọ́n, ẹ̀rín pa òun tó ń kà á náà débi pé kò lè tẹ̀ síwájú fúngbà díẹ̀. Ẹ wo Molloy, ìtàn àròsọ Beckett: òkúta 16 nínú àpò mẹ́rin, ọkùnrin náà ń fẹ́ máa lá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìtún ọ̀kan lá kí ìyókù tó kàn. Ó ṣírò títí, ojú ìwé ń lọ, ó rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Lẹ́yìn náà ló kó wọn dànù, ó ku ọ̀kan, ìyẹn náà sì sọnù. Bí ẹ ò bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹ má béèrè ohun tí kòkòrò náà dúró fún lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ń kọ ẹni tí ohunkóhun kò kàn ńkọ́? Meursault, ọkùnrin inú L'Étranger ti Camus, ni wọ́n ń wò. Wọ́n rí i pé kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wọ́n gbàgbé táwẹ́ẹ̀lì. Ó fẹ́ràn kó fọwọ́ níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án; tó bá di ìrọ̀lẹ́, kì í dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí táwẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wọn ń lò ti tutù rinrin. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ó ṣeni láàánú, àmọ́ nǹkan kékeré ni. Ṣé ẹni tí ohunkóhun kò kàn ló ń fẹjọ́ táwẹ́ẹ̀lì sùn?

Lánàá, ìtàn dígí padà dé. Ọkùnrin náà ṣì jẹ́ dígí, àmọ́ aago mẹ́jọ ni wọ́n ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́, kò sì mọ bí òun yóò ṣe di okùn bàtà. Òṣùpá ti ṣí fìlà. Mo rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.