Bí mo ṣe ka ẹyẹ inú irà Horicon látorí kayak

Tẹ́ ẹ bá rò pé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lèèyàn fi ń ka ẹyẹ irà, ẹ gbé e jù sílé jàre, etí lẹ máa lò. Horicon Marsh ní Wisconsin, Amẹ́ríkà níbí ni mo ti ṣe tèmi, irà yẹn tó nǹkan bíi 33,000 éékà, apá gúúsù tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni mo ti wa kayak, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, koríko cattail ga ju èèyàn lọ lọ́tùn-ún lósì.

Ìlàjì wákàtí kóòrùn tó yọ lèèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù June aago márùn-ún ìdájí ò tíì lù témi àti ẹ̀fọn ti wà lórí omi. 400 mítà ló wà láàárín ibùdó kan tí mo ti ń dúró tẹ́tí sí èkejì kẹ́yẹ kan má baà di kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá débẹ̀ màá ki imú kayak bọ inú cattail kó má sún, màá gbé àjẹ̀ lé itan, torí omi tó ń kán lára àjẹ̀ lásán tó bo ohùn ẹyẹ mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 ni màá kọ́kọ́ fi dákẹ́. Sípíkà tí mo gbé dání á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké igbe ẹyẹ kẹ́yẹ inú irà lè dá a lóhùn, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, igbe fún sẹ́kọ́ńdì 30, ká dákẹ́ fún 30, least bittern, sora, Virginia rail, títí kan American bittern tó ń dún bí ìgbà téèyàn ń fa pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tómi ò tíì dé ẹnu ẹ̀.

Ẹyẹ kan, ìlà kan lórí ìwé, ìṣẹ́jú tó bá ké ni màá kọ 1 sí, màá tún fojú bu bó ṣe jìnnà tó, ìyẹn ló le jù. Ibi tí nǹkankan ò ti dún náà, kíkọ ni. Màámi ní ṣé ẹyẹ tí mi ò rí ni mò ń kà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mi ò tíì wá sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣe é.

Àmọ́ mo rí ọ̀kan o! Bí sípíkà ṣe ń ké igbe Virginia rail ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu ẹ̀ pupa, ó tẹ̀ díẹ̀, ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó gba àárín cattail kọjá téwé ò mì. Ó wù mí kí n tún igbe yẹn gbé kí n lè ya fọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é, ẹyẹ yẹn ti rò pé ẹyẹ mìíì ló wá gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, ẹ má fi ìjà sí i lọ́rùn.

Tátẹ́gùn bá ti ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ sùn jàre, ariwo cattail nìkan lẹ máa gbọ́.